Olè àti Olùtọ́jú Àkọsílẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Bí olè bá gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ ilé-iṣẹ́ kan, tí ó sì kó àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà lọ, ta ni ó jẹ̀bi lábẹ́ òfin? Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò nìyí. Ẹ̀bi olè kò ní àríyànjiyàn nínú. Ti olùtọ́jú ni ó gba àlàyé.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, àwọn olè rí àkọsílẹ̀ oníbàárà 156,959 kó lọ́wọ́ TalkTalk, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì àwọn 15,656 wà lára rẹ̀. Ojú-ewé àtijọ́ kan ni wọ́n gbà wọlé, èyí tí TalkTalk bá nínú dúkìá Tiscali tí ó rà ní ọdún 2009. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí àtúnṣe sí àléébù náà ti wà, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà kò lò ó. Irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ sì ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí i ní oṣù keje ọdún kan náà. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, ọ́fíìsì tí òfin yàn láti dáàbò bo àkọsílẹ̀ ara ẹni bu owó ìtanràn £400,000 lé e. Kì í ṣe nítorí pé olè wá, bí kò ṣe nítorí pé kò ṣọ́ra tó bí ìlànà keje nínú òfin ọdún 1998 ti pa á láṣẹ.

Lábẹ́ òfin yẹn, ìtanràn kò lè ju £500,000 lọ. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni òfin tuntun ti fi àyè gba ìtanràn tí ó lè tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ń wọlé fún ilé-iṣẹ́ ńlá lágbàáyé lọ́dún. Nípa bẹ́ẹ̀, British Airways, tí olè jí àkọsílẹ̀ oníbàárà rẹ̀ tí ó lé ní 400,000 ní ọdún 2018, gba ìtanràn £20,000,000 ní oṣù kẹwàá ọdún 2020.

Síbẹ̀, àpò ìjọba ni owó ìtanràn ń lọ. Oníbàárà tí ó bá fẹ́ owó gbà-má-bínú ní láti pe ẹjọ́ tirẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, nínú ẹjọ́ Lloyd àti Google, tí kì í ṣe ẹjọ́ olè, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ là á sílẹ̀ pé lábẹ́ òfin ọdún 1998, olùpẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí àdánù tàbí ìnira tí ó bá a hàn. Òfin ti mọ bí a ti ń jẹ olùtọ́jú níyà. Àtiṣe àtúnṣe fún ẹni tí ó ni àkọsílẹ̀ ni ó ṣì ṣòro.