Òfin Bí-Bá Nínú Ìtàn Fuzzy Logic

Ní ọdún 1965 ni Lotfi Zadeh, ọmọ bíbí ìlú Baku tí ó ń ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì California ní Berkeley, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nípa àwọn àkójọ tí ààlà wọn kò já gaara, nínú èyí tí ènìyàn lè wà lára àwọn ẹni gíga dé ìwọ̀n kan láàárín 0 sí 1. Láti ibẹ̀ ni fuzzy logic ti sú yọ, ìyẹn ọ̀nà ìrònú tí ó gbà pé òótọ́ ní ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n ohun tí awuyewuye pọ̀ lé lórí jù nínú rẹ̀ ni òfin bí-bá, èyí tí ó ní bí ìdí kan bá wáyé, kí àbájáde kan tẹ̀ lé e.

Òfin yìí ti wà lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ṣáájú Zadeh. Jan Łukasiewicz, ẹni tí ó ti ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Pólàńdì ní 1919, fi ìwọ̀n kẹta sáàárín òótọ́ àti irọ́ ní 1920, ó sì tún fẹ ètò náà lójú lẹ́yìn náà. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, òfin bí-bá jẹ́ òótọ́ pátápátá níwọ̀n ìgbà tí ìwọ̀n àbájáde kò bá kéré sí ti ìdí. Bí ó bá kéré, a ó yọ iye tí ó fi dín kúrò nínú 1, tí ó fi jẹ́ pé ìdí 0.8 àti àbájáde 0.5 yóò fún wa ní 0.7.

Síbẹ̀, kì í ṣe òfin àwọn onímọ̀ yìí ni ó kọ́kọ́ wọ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Lẹ́yìn tí Zadeh ti ṣàlàyé ní 1973 bí a ṣe ń fa àbájáde yọ láti inú òfin tí a fi ọ̀rọ̀ lásán gbé kalẹ̀, Ebrahim Mamdani àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Seto Assilian, ní Queen Mary College ní Lọ́ńdọ̀nù, fi irú òfin bẹ́ẹ̀ darí ẹ́ńjìnnì kékeré kan tí ooru omi híhó ń yí, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1975. Èyí tí ó kéré jù nínú ìwọ̀n ìdí àti ti àbájáde ni wọ́n ń mú, iṣẹ́ “àti” sì ni èyí, kì í ṣe ti “bí-bá” rárá. Wọ́n wá ń kó èsì àwọn òfin náà pọ̀ nípa mímú èyí tí ó ga jù. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn, ẹ́ńjìnnì náà sì gbọ́ràn, nítorí náà ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ kò bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Didier Dubois àti Henri Prade, ní Toulouse ní ilẹ̀ Faransé, wà lára àwọn tí ó la ìyàtọ̀ náà yé. Òfin Mamdani dà bí àpẹẹrẹ ohun tí a ti rí pé ó ṣeé ṣe, òmíràn a sì máa kún un; òfin bí-bá gidi jẹ́ ìkálọ́wọ́kò, tí ó ń yọ ohun tí kò lè rí bẹ́ẹ̀ kúrò, ìdí sì nìyí tí a fi ń mú èyí tí ó kéré jù nígbà tí a bá ń pa irú òfin bẹ́ẹ̀ pọ̀. Bí ìdí bá jẹ́ 0, ti Mamdani yóò mú 0 wá fún gbogbo àbájáde, àmọ́ òfin bí-bá yóò mú 1 wá, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kò sí ohun tí a tíì lè yọ kúrò. Bí òfin méjì bá sì tako ara wọn, tí ọ̀kan ní kí a bu iná sí i, tí èkejì ní kí a dín in kù, ìlànà bí-bá yóò tú àṣírí ìjà náà, nígbà tí ti Mamdani yóò to méjèèjì síbi kan, tí àròpín wọn yóò sì bọ́ sí agbede-méjì tí ìkankan nínú wọn kò pa láṣẹ. Fún ẹ́ńjìnnì, ó lè má burú. Fún ìmọ̀ tí a gbà lẹ́nu dókítà, ìbòmọ́lẹ̀ ni.

Ìpìlẹ̀ tí ó péye jùlọ wá láti ọ̀dọ̀ Petr Hájek ní Prague, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1998. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí “àti”, ó sì ní ìwọ̀n òfin bí-bá ni èyí tí ó ga jù lọ tí a lè fi “àti” so mọ́ ìdí láìjẹ́ pé ó ju àbájáde lọ. Irú “àti” tí a bá yàn ni yóò sọ irú bí-bá tí yóò jáde. Nínú ètò yìí, yíyan èyí tí ó kéré jù, bí Mamdani ti ṣe, ni ó bí òfin bí-bá tí a fi orúkọ Kurt Gödel pè.