Gàrí Ìyànà Ọ̀fà àti Àwọn Ẹ̀dá Tí Ń Mú Un Kan

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ìwó jáde ní Ìbàdàn, mesí Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, tí ó dé Ìyànà Ọ̀fà àti àwọn abúlé Lágelú tí ó yí i ká, yóò gbọ́ òórùn kíkan láti ẹ̀yìnkùlé àwọn tí ń yan gàrí. Ìtàn òórùn yìí ni mo fẹ́ sọ, nítorí ẹ̀rí iṣẹ́ àwọn ẹ̀dá tín-ín-tìn-ín ni, tí àwọn ìyá wa ti ń bọ́ láìfojú rí wọn.

Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí. Láti Bràsíìlì ni àwọn Potogí ti gbé e wá sí etíkun Áfíríkà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, ṣùgbọ́n nítorí oró inú rẹ̀, oró tí ń pa ewúrẹ́ tí ó bá jẹ èèpo rẹ̀ ní tútù, ó pẹ́ kí ó tó gbilẹ̀ láàárín wa, àfi ìgbà tí àwọn Àgùdà padà wálé láti Bràsíìlì, tí àwọn Sàró sì padà láti Sierra Leone, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún pẹ̀lú ìmọ̀ gàrí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, gàrí ti ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de iye owó rẹ̀ ní Èkó.

Obìnrin ni ó ni iṣẹ́ yìí. Wọn a bó ẹ̀gẹ́, wọn a rin ín lórí páànù tí a fi ìṣó lu lójú (kí ẹ̀rọ tó dé), wọn a dì í sínú àpò, wọn a gbé òkúta lé e, wọn a sì fi í sílẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, nítorí ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àlejò lè rò pé iṣẹ́ dúró. Kò dúró rárá: ìrin ti fọ́ ara ẹ̀gẹ́, oje rẹ̀ ti tú jáde pẹ̀lú ṣúgà àti ìwọ̀nba èròjà amáradàgbà tí kòkòrò àìfojúrí fi ń kọ́ ara tirẹ̀, afẹ́fẹ́ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọ inú àpò tí òkúta tẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí náà àwọn tí ó lè gbé láìsí afẹ́fẹ́ ni yóò jọba níbẹ̀. Irú wọn ni Pasteur, ará Faransé, fi hàn ní 1857 pé ó ń mú wàrà kan. Wọn a fọ́ ṣúgà láti rí agbára inú rẹ̀, ṣùgbọ́n agbára tí wọ́n ń rí báyìí kéré púpọ̀ sí ti ẹ̀dá tí ń mí afẹ́fẹ́, nítorí náà wọn a jẹ púpọ̀ kí wọ́n tó lè bí sí i, ohun tí wọ́n sì ń tì dànù lẹ́yìn oúnjẹ ni kíkan tí a ń tọ́ wò, òun kan náà tí ń lé àwọn kòkòrò amóúnjẹ-rà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n sítáàṣì inú ẹ̀gẹ́ tóbi ju ohun tí wọ́n lè gbé mì lọ. Èyí tí ó bá fẹ́ jẹ ẹ́ ní láti kọ́kọ́ da èròjà àfijẹun síta ara rẹ̀, kí ó sọ ọ́ di ṣúgà lóde, kí ó tó fà á wọlé.

Ní 1959, Collard àti Levi, ọ̀mọ̀wé ní University College, Ìbàdàn, tẹ ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature: wọ́n ní kòkòrò Corynebacterium manihot ní í kọ́kọ́ sọ sítáàṣì ẹ̀gẹ́ di kíkan, kí Geotrichum candidum, tí ó jẹ́ irú ebu kan, tó wá fún gàrí ní òórùn rẹ̀. Àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn tún ọ̀rọ̀ náà ṣe: Lactobacillus àti Leuconostoc ni wọ́n rí pé ó pọ̀ jù nínú àpò, èròjà inú ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀, tí ìrin tú sílẹ̀, ni ó sì ń tú oró palẹ̀, kí fífún omi àti ooru agbada tó lé e lọ.

Ìdí nìyí tí ó fi ń dùn mí nígbà tí mo bá rí ẹ̀gẹ́ tí a rin ní òwúrọ̀ tí a ti fi jáàkì fún gbẹ, tí a sì ti yan kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí ọjà ọ̀la. Èròjà tí ń tú oró náà nílò àkókò, àkókò yẹn gan-an sì ni irú ìkánjú bẹ́ẹ̀ ń gé kúrò.