Ta Ni Ará Ìlá? Ọ̀rọ̀ lórí Ìkànìyàn àti Oríkì

Ní ọdún 2006, iye ènìyàn tí ìjọba kéde fún Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlá lé díẹ̀ ní 62,000. Ti Ìfẹ́dayọ̀, tí Òkè-Ìlá jẹ́ ibùjókòó rẹ̀, lé díẹ̀ ní 37,000. Iye wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, nítorí wọ́n wà lára ohun tí a fi ń pín owó àpapọ̀. Abájọ tí wọ́n fi wọ́gi lé ìkànìyàn 1962 àti ti 1973, tí àríyànjiyàn lórí ti 1963 kò sì tán bọ̀rọ̀. Ìbéèrè tèmi ni pé, ta ni wọ́n kà?

Lẹ́nu àwọn àgbà, Ìlá-Yàrà ni Ìlá Ọ̀ràngún àti Òkè-Ìlá ti pínyà, nígbà tí ọmọ ọba méjì kò lè jùmọ̀ gbé. Ìpínyà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú wá yàtọ̀: wọ́n fi Ìlá sí apá Ọ̀yọ́ ní gúúsù, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ìlú Ìgbómìnà yòókù sí abẹ́ Ìlọrin ní àríwá. Ní 1952, Àríwá ti ka tirẹ̀ tán ní oṣù Keje. Ó di oṣù Kejìlá kí Ìwọ̀-Oòrùn tó bẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà lódì kejì ààlà lè bọ́ sínú ìwé méjèèjì, ó sì lè má bọ́ sí ọ̀kankan. (Ọ̀pọ̀ ni yóò fi ayọ̀ yan èyí kejì, bí wọ́n bá rò pé owó orí ni akọ̀wé náà ń wá kiri.)

Ní ti ọrọ̀ ajé, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Kòkó, iṣu, epo àti ẹmu kò tó láti dá ọ̀dọ́ dúró nílé. Èkó àti Ìbàdàn gbà wọ́n. Ilé tí wọ́n fi owó Èkó kọ́ wà ní títì, ó di ọjọ́ ọdún kí a tó ṣí fèrèsé. Ṣùgbọ́n oko kò ṣófo. Àwọn Ìgbìrà ń kọ ebè, Fúlàní wà ní gáà, Ìgbò ń tajà nínú ìlú. Ìkànìyàn 1963 béèrè ẹ̀yà. Ti 1991 àti 2006 kò béèrè, kí ìjà má baà bẹ́. Nítorí náà, ìwé ìkànìyàn kò lè sọ fún wa, nínú 62,000 náà, mélòó ni àwọn wọ̀nyí.

Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi, oríkì ni mo sì yíjú sí. Oríkì orílẹ̀ kì í tijú láti sọ ibi tí ènìyàn ti wá. Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, oríkì agbolé kan lè gbé wa lọ sí Ọ̀yọ́, ti òmíràn a sì gbé wa dé ilẹ̀ Nupe. Síbẹ̀, ta ni yóò sọ fún ọmọ agbolé bẹ́ẹ̀ lónìí pé kì í ṣe ará ìlú? Ó ń joyè, ó ń jogún ilẹ̀.

Ẹ wá wo ọmọ Ìgbìrà tí wọ́n bí sí abà kan lẹ́bàá Ìlá, tí bàbá rẹ̀ pàápàá gbé ibẹ̀ dàgbà, tí ó ń fọ èdè Ìgbómìnà bí àwa. Nígbà ìkànìyàn, a kà á mọ́ wa, iye rẹ̀ sì wà lára ohun tí ń mú owó wọ̀lú. Nígbà tí ó bá ń wá iṣẹ́ ìjọba, wọn yóò béèrè ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀. Òfin 1999 wo òbí àti òbí àgbà, bóyá wọ́n jẹ́ ara àwùjọ tí ó ni ilẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà. Kò wo iye ọdún tí ènìyàn ti gbé níbẹ̀. Wọn a ní kí ó lọ gba tirẹ̀ ní Òkénè, níbi tí kò mọ ọ̀nà ilé ẹnikẹ́ni.