Ìjókòó Iwájú

4:10 òwúrọ̀. Kò sí iná. Ní agboolé kan ní Ìsẹ́yìn, ahunṣọ ẹni ọdún 64 kan ti jí, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ó na ọwọ́ òsì láti mú tọ́ọ̀ṣì lórí àpótí. Ife omi ni ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bá. Ife náà ṣubú, ó yí lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ike ni, kò fọ́. Ìyàwó rẹ̀ béèrè pé kí ló dé. Ó ní kò sí nǹkan.

4:40. Ó wọ bùbá àti ṣòkòtò òfì, sányán tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun. Ó tú báàgì, ó tún un dì. Ìwé ìwọlé mẹ́ta wà níbẹ̀, èyí tí àkọ́bí rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà. Ìborùn òfì kan wà níbẹ̀ fún ọmọ tí wọ́n ń lọ wò. Ike oògùn kékeré kan wà nínú ọ̀rá. Káàdì kan tó ti ká sí méjì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ó fi fìlà bo káàdì náà.

5:00. Àkọ́bí ti gbé mọ́tò dé ẹnu ọ̀nà. Oṣù Kejìlá ni, ọyẹ́ ti bo ìlú, eruku dúró nínú iná mọ́tò kò lọ, kò bọ̀. Bàbá ń jáde bọ̀. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kọ àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, àtẹ̀gùn tó ti ń gùn láti ìgbà tó ti kọ́ ilé náà. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Láti oṣù Kọkànlá ni wọ́n ti ń ṣètò ìrìn yìí. Àbígbẹ̀yìn ilé náà, ọmọbìnrin ẹni ọdún 17, wà lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, l'Ékòó. Ijó báléè ló ń kọ́. Fídíò kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 2020, gbogbo ayé ń pín fídíò Anthony Madu, ọmọdékùnrin kan tó ń jó báléè láìwọ bàtà, nínú òjò, lórí kọnkéré. Leap of Dance Academy ló ti ń kọ́ ọ, ilé ẹ̀kọ́ tí Daniel Owoseni Ajala dá sílẹ̀ ní Ajangbadi ní ọdún 2017. Ajala fúnra rẹ̀, orí YouTube àti inú ìwé ló ti kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó mọ̀. Ọmọ Ìsẹ́yìn náà wo fídíò yẹn lórí fóònù bàbá rẹ̀ títí iná fi tán nínú fóònù. Ní alẹ́ ọjọ́ yìí ni yóò kọ́kọ́ jó níwájú èrò ní gbọ̀ngàn ńlá.

Àkọ́bí ló ra ìwé ìwọlé. Ìlà iwájú pátápátá ló mú, nítorí iwájú ni wọ́n ń fi àgbà sí. Bàbá béèrè lórí fóònù lọ́jọ́ náà pé, "Ṣé kò sí ti ẹ̀yìn ni?" Àkọ́bí rò pé owó ló ń rò. Ó ní kí bàbá má ṣèyọnu.

6:00. Ojú ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Mọ́níyà. Bàbá ní kí wọ́n dúró.

"Bàbá, rélùwéè kì í dúró de èèyàn o."

"Mo ní kó o dúró."

Mọ́tò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi emi kan. Bàbá yọ ike oògùn, ó gbé ojú sókè, ó kán ẹyọ kan sí ojú ọ̀tún, ẹyọ kan sí tòsì. Ó di ojú méjèèjì. Ó fi ìka méjì tẹ igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, ó sì tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú méjì.

"Ọyẹ́ ni," ó ní. "Ojú ń yún mi."

6:45. Wọ́n ti kọjá Ìjàyè. Ọlọ́pàá kan na ọwọ́, ó rìn wá sí fèrèsé ọ̀dọ̀ bàbá, ó sì tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ó kí i. Bàbá ń wo ọ̀nà. Ọlọ́pàá náà tún kí i, ohùn rẹ̀ ti le. Bàbá fò, ó yí gbogbo ọrùn padà, ó sì wò ó bí ẹni pé inú ilẹ̀ ló ti jáde. Àkọ́bí bá a bẹ̀bẹ̀. Ọlọ́pàá náà ní kí wọ́n máa lọ.

7:25. Mọ́níyà. Kìlómítà 65 ni ọ̀nà yẹn, wọ́n sì ti rìn ín tán. Ibùdó Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tóbi, àtẹ̀gùn rẹ̀ pọ̀. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni rélùwéè tuntun yìí ti ń kó èrò láàárín Ìbàdàn àti Èkó. Bàbá jẹ́ kí ìyàwó lọ ṣáájú, ó sì gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin méjì tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìfẹ́ àgbà dùn ún wò.

8:00. Rélùwéè gbéra. Ìyàwó bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó nà án sí ọkọ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú. Bàbá ń wo ọ̀ọ́kán, níbi tí òkè kan ti yọ nínú ọyẹ́. Ó ń dárúkọ àwọn igi tó wà lọ́nà jíjìn. Ọwọ́ náà ṣì dúró. Nígbà tó yá, obìnrin náà gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé e nítan, ó sì kọjú sí fèrèsé. Kò sọ ohunkóhun títí wọ́n fi kọjá Abẹ́òkúta.

Ibùdó Alágomejì, l'Ékòó, kún. Èèyàn mẹ́ta ló kọ lu bàbá kí wọ́n tó jáde síta. Òun ló ń bẹ̀ wọ́n.

11:40. Ọmọ náà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àbúrò ìyá rẹ̀, ó ń rán ríbọ́ọ̀nù mọ́ bàtà ijó. Bàtà náà le ní orí bí igi. Aṣọ àti gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ ní ìpele-ìpele, kí oníjó lè fi orí ìka ẹsẹ̀ dúró. Àwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ara ọmọ náà dúdú. Ó ti po páúdà ojú mọ́ omi, ó ń fi kànrìnkàn kékeré kùn ún títí àwọ̀ bàtà fi bá àwọ̀ ẹsẹ̀ mu, kí ẹsẹ̀ má bàa dà bí èyí tí wọ́n gé ní ọrùn ẹsẹ̀. Iṣẹ́ tí àwọn oníjó dúdú ti ń ṣe láti ìran dé ìran nìyẹn. Ọdún 2018 ni ẹgbẹ́ Ballet Black ti London àti ilé iṣẹ́ Freed tó ṣe èyí tó ní àwọ̀ ara dúdú jáde. Ó wọ́n jù fún ọmọ ahunṣọ.

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ kú ìrìn."

"Dìde dúró, kí n wò ọ́."

Ó dìde. Bàbá fi ẹ̀yìn rìn. Ìgbésẹ̀ kan, méjì, mẹ́ta, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri. Ibẹ̀ ló dúró sí, ó sì wo ọmọ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"O ti ga," ó ní.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Iwájú lẹ máa jókòó sí, àbí? Màá máa wo ibẹ̀. Bí ẹ̀rù bá bà mí, ẹ̀yin ni màá máa wò."

Bàbá ní ó dáa.

Agogo kan, ọmọ náà lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n jẹ àmàlà. Wọ́n sùn díẹ̀. Bàbá kò sùn.

5:15 ìrọ̀lẹ́. Wọ́n wọ takisí. Orí afárá Third Mainland ti dí pa. Ọ̀sà wà lápá kan, iná mọ́tò wà níwájú, kò sẹ́ni tó ń lọ. Àkọ́bí ń wo aago. Agogo méje ni wọ́n yóò ti ilẹ̀kùn, ẹni tó bá pẹ́ á dúró síta.

6:00. Bàbá yọ ike oògùn. Mọ́tò fò sínú kòtò kan, oògùn kán sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó nù ún, ó tún kán an. Ó fi ìka méjì tẹ igun ojú. Àkọ́bí, tó jókòó tì í, rí ara ike náà. Orúkọ bàbá wà lára rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́, pẹ̀lú pé ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ọyẹ́ kò sí ní Èkó lọ́jọ́ náà. Ooru ló wà. Àkọ́bí la ẹnu, ó sì tún pa á dé.

6:40. Wọ́n dé gbọ̀ngàn ní Oníkan. Glover Hall kò jìnnà síbẹ̀, níbi tí Hubert Ogunde ti ṣe eré rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1944. Bàbá mọ Ògúndé dáadáa. Nígbà tó wà lọ́mọdé, tí àwọn eléré bá dé Ìsẹ́yìn, ó máa ń já àwọn àgbà kọjá títí yóò fi dé ẹsẹ̀ ìtàgé. Ó sọ èyí fún wọn bí wọ́n ṣe ń wọlé.

6:55. Ọmọbìnrin tó ń júwe àyè mú wọn lọ sí ìlà iwájú. Àga rọ̀. Ìtàgé súnmọ́ wọn tó fi jẹ́ pé wọ́n ń gbóòórùn ọ̀dà rẹ̀.

7:05. Iná kú. Bàbá di apá ìyàwó rẹ̀ mú. Iná ìtàgé tàn.

7:30. Ọmọbìnrin mẹ́jọ jáde.

"Èwo ni?" bàbá béèrè.

"Òun nìyẹn níwájú yín gan-an."

Ó wò ó. Ọmọ náà fò sápá òsì. Bàbá yí orí tẹ̀ lé e, ó sọ ọ́ nù, ó rí ẹsẹ̀ ọmọ ẹlòmíràn, ó yí orí padà, ó rí aṣọ, ó rí pákó. Ọrùn rẹ̀ kò sinmi. Gbogbo àwọn tó kù ní ìlà iwájú jókòó jẹ́ẹ́. Ọmọ náà wo ìlà iwájú lẹ́ẹ̀kan, ó sì rẹ́rìn-ín. Ibòmíràn ni bàbá ń wò.

7:50. Ìsinmi. Bàbá dìde, ó ń fi ọwọ́ ka àga lọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn. Àkọ́bí tẹ̀ lé e.

"Bàbá, ilé ìtọ̀ kọ́ nìyẹn."

"Mo mọ̀."

Ó dé ògiri tó gbẹ̀yìn, ó dúró.

"Ká ọwọ́ rẹ kó ní ihò," ó ní. "Fi sí ojú kan. Di ìkejì. Wò mí. Kí lo rí?"

"Imú yín."

"Kí tún ni?"

"Ètè. Ó tán."

"Wo ìtàgé báyìí."

Àkọ́bí yíjú. Gbogbo ìtàgé wọ inú ihò ọwọ́ rẹ̀: aṣọ ìkélé lọ́tùn-ún, aṣọ ìkélé lósì, dùùrù, àti ọkùnrin tó ń gbálẹ̀ láàárín. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Ohun tó kù fún mi nìyẹn," bàbá ní.

Glaucoma lorúkọ àìsàn ojú tí wọ́n kọ sórí káàdì tó wà lábẹ́ fìlà. Àwa èèyàn Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wà lára àwọn tó ń mú jù láyé. Kì í sábà dun ni. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ń jẹ wọ àárín díẹ̀díẹ̀, ohun tó bá sì ti jẹ, kò ní padà mọ́. Oògùn kàn lè dá ìyókù sí ni. Ìdí nìyí tí kò fi sẹ́ni tó fura nídìí òfì. Aṣọ òfì kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, àárín ojú sì ló ń ṣọ́ ọ. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ibi tí ọ̀kọ̀ ń já sí láìwò ó. Bàbá tó bí i náà, ahunṣọ ni. Ojú rẹ̀ fọ́ kó tó kú, wọ́n ní ayé ló ṣe é. Èyí ni ọ̀rọ̀ tó ń bà mí nínú jẹ́ jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ agboolé ló ṣì ń sọ ọ́ títí dòní.

"Láti ìgbà wo?" àkọ́bí béèrè.

"Èṣín ni wọ́n sọ fún mi n'Íbàdàn. Wọ́n ní ó ń tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní kí n kó gbogbo yín wá. Mo ní kí àbúrò rẹ kọ́kọ́ jó ná."

8:15. Ọmọbìnrin tó ń júwe àyè wá, ó ní àga ṣófo níwájú. Àkọ́bí ní wọ́n fẹ́ ibí. Orin Tchaikovsky láti inú The Nutcracker, eré tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Rọ́ṣíà ní ọdún 1892, bẹ̀rẹ̀. Àwọn mẹ́jọ jáde. Ọrùn bàbá dúró. Ọmọ rẹ̀ lọ sósì, kò sọ nù. Ó gun orí ìka ẹsẹ̀, ó yí, ó gbé apá sókè, àwọn méje tó kù ṣí fún un, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá ń kà á lábẹ́nu bó ṣe ń ka òwú.

9:10. Ọmọ náà jáde wá, àtíkè ṣì wà lójú rẹ̀. Ó ti ń sunkún.

"Bàbá, ìjókòó yín ṣófo."

"Ẹ̀yìn ni mo wà. Mo rí ọ látorí dé ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì rẹ gbọ̀n nígbà kejì tó o yí."

Ó wo bàbá rẹ̀. "Ẹnikẹ́ni ò rí i."

"Èmi rí i."

Àkọ́bí bi í bóyá wọ́n á fún un láàyè kúrò ní ilé ìwé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

"Kí ló wà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?"

"Wọ́n fẹ́ yẹ ojú wa wò n'Íbàdàn," bàbá ní. "Gbogbo wa. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni ká ti débẹ̀."