Àlàfo Láàárín Òǹkà: Ìtàn Ẹ̀ka Ìmọ̀ Ìṣirò Kan

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú òǹkà tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí wa. Bí a bá ní kí ọmọ Ilemona tàbí ọmọ Ọ̀fà ka ogún, igba, ẹgbàá àti ọ̀kẹ́ kan, òǹkà mẹ́rin péré ni yóò pè, síbẹ̀ yóò ti rìn láti 20 dé 20,000. Ìlọ́po mẹ́wàá èyí tí ó ṣáájú ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, àlàfo àárín wọn yóò máa fẹ̀ sí i. Irú àkójọ òǹkà tí ó fọ́nká báyìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí.

Ní 1822, Joseph Fourier, ará Faransé, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí ooru pé a lè tú ohun tí ń lọ tí ń bọ̀ sí ìgbì wẹ́wẹ́, bí etí ti í ya ohùn gángan sọ́tọ̀ kúrò lára ti agogo. Ìgbì kọ̀ọ̀kan ní òǹkà tirẹ̀, èyí tí í ṣe iye ìgbà tí ó ń gòkè tí ó ń sọ̀ láàárín àkókò kan. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ó bá jẹ́ kìkì àwọn ìgbì tí òǹkà wọn jìnnà síra ni a kó jọ? Ní 1872, Karl Weierstrass, ará Jámánì, fi irú wọn ya ìlà kan tí kò já níbì kankan, tí kò sì dán níbì kankan: bí a ti wù kí a sún mọ́ ọn tó, igun ni a ó máa rí.

Bí ìgbì bá pọ̀ tí wọ́n sì sún mọ́ra, wọ́n lè pa ara wọn lẹ́nu mọ́: bí ọ̀kan ti ń gòkè ni èkejì ń sọ̀. Ní 1927, Simon Sidon, ará Họ́ńgárì, fi ẹ̀rí hàn pé àwọn tí òǹkà wọn ń fò báyìí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ kọjá ìwọ̀n kan. Ibì kan wà dandan tí àpapọ̀ wọn yóò ti tó ìdá kan pàtó nínú àròpọ̀ agbára gbogbo wọn, wọn ì báà jẹ́ mẹ́wàá tàbí ẹgbẹ̀rún.

Ohun èlò tí a fi ń fi ẹ̀rí yìí múlẹ̀ ti ọwọ́ Frigyes Riesz wá ní 1918. Ó fi 1 kún ìgbì kọ̀ọ̀kan, ó sì sọ wọ́n di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn. Bí a bá tú èso rẹ̀, gbogbo òǹkà tí fífi kún àti yíyọ kúrò lè bí ni yóò jáde. Àwa mọ ọgbọ́n yìí: igba ó lé ogún ni 220, igba ó dín ogún ni 180. Nítorí pé àlàfo náà fẹ̀, ọ̀nà méjì kì í já sí òǹkà kan náà.

Orúkọ Sidon ni a fi ń pe gbogbo àkójọ tí ó bá ní ìwà yìí. Ìbéèrè kan wá dìde tí ó tó ìjàkadì Ọ̀fà: bí a bá da àkójọ Sidon méjì pọ̀, ṣé ìwà náà yóò dúró? Bí 21, 201 àti 2,001 bá wọ àárín 20, 200 àti 2,000, àwọn òǹkà tí ó jìnnà síra ti di aládùúgbò nìyẹn. Ní 1970 ni S. W. Drury fi ẹ̀rí hàn pé ìwà náà yóò dúró nígbà gbogbo. Ní 1975, López àti Ross tẹ odidi ìwé jáde lórí àwọn àkójọ wọ̀nyí.

Ọdún 1975 kan náà ni Yunifásítì Ìlọrin bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ti Ìbàdàn. Ní Ìbàdàn, Adégòkè Olúbùmmọ, ọmọ Òrìn Èkìtì, ti ń kọ́ni láti 1955, ọdún tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Durham. Chike Obi nìkan ni ọmọ Nàìjíríà tí ó ṣáájú rẹ̀ gba irú oyè bẹ́ẹ̀ nínú ìṣirò, ní 1950. Àwọn àgbékalẹ̀ tí a fi orúkọ Banach pè ni Olúbùmmọ ṣe iṣẹ́ lé lórí; inú ọ̀kan lára wọn sì ni èso ìsọdipúpọ̀ Riesz ń gbé.

Nítorí náà, ẹ̀ka yìí kò jìnnà sí wa. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi kọ́ ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ láti ogún àti igba. Kò sí ìdí tí ọmọ náà fi gbọ́dọ̀ dúró de èdè mìíràn kí ó tó lóye iṣẹ́ tí àlàfo ń ṣe.