Ojú Nìkan Kọ́ Ni Ọ̀rọ̀ Wà: Ọwọ́ Ènìyàn nínú Ìtàn Sinimá, 1916 sí 1959

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti kọ̀wé lórí sinimá kò tilẹ̀ gbọ́ òwe yìí rí, ohun tí wọ́n gbà kò yàtọ̀ sí i: lójú tiwọn, ojú òṣèré ni ó ru ẹrù ìtumọ̀. Wọ́n a tún máa sọ pé bí ọwọ́ bá ṣiṣẹ́ púpọ̀ nínú fíìmù àtijọ́, nítorí pé fíìmù ìgbà náà kò lóhùn ni. Nígbà tí ohùn sì dé, iṣẹ́ ọwọ́ tán. Ohun tí a fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ni pé ọwọ́ kì í ṣe adelé ẹnu. Ẹlẹ́rìí ni ọwọ́ jẹ́, ẹ̀rí rẹ̀ a sì máa tako ti ojú àti ti ẹnu nígbà mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1916. Lórí ìtàgé, láti orí dé ẹsẹ̀ ni òǹwòran ti ń rí òṣèré. Ọwọ́ kò lè dá dúró. Kámẹ́rà ni ó lè sún mọ́ ọwọ́ títí yóò fi gba gbogbo ojú àwòrán. Nínú Intolerance, tí D. W. Griffith ṣe ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbé ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ sí kóòtù nítorí ìpànìyàn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Mae Marsh ni ó ṣe ìyàwó rẹ̀. Obìnrin yìí ń gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọkọ rẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ má baà rẹ̀wẹ̀sì, ṣùgbọ́n kámẹ́rà sún mọ́ ọwọ́ rẹ̀, a sì rí àwọn ìka tí ń lọ́ mọ́ ara wọn. Àwa mọ ẹni tí ń káwọ́ pọ̀nyìn rojọ́. Níhìn-ín, ọwọ́ ẹni tí kò jẹ́jọ́ ni ó ń rojọ́. Ìfẹ́ mú kí ojú purọ́. Ọwọ́ kò bá a purọ́.

Ní ọdún 1927, The Jazz Singer ṣí ọ̀nà fún fíìmù tí ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1931, Charlie Chaplin ṣe City Lights, ó fi orin sí i, kò sì jẹ́ kí àwọn ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀ geere. Òtòṣì kan wá owó ìtọ́jú ojú fún afọ́jú tí ń ta òdòdó, tí ó rò pé olówó ni òun. Nítorí owó náà ni ó ṣe ṣẹ̀wọ̀n. Nígbà tí ó jáde, ojú ọmọbìnrin náà ti là. Ó fi alákìísà náà rẹ́rìn-ín, àánú sì mú un fún un ní òdòdó kan àti owó ẹyọ. Bí ó ti ń fi owó náà lé e lọ́wọ́ ni ó dá a mọ̀. Ojú tí ó là kò mọ olóore. Ọwọ́ ni ó mọ̀ ọ́n.

Ẹnìkan lè bi wá bóyá ọwọ́ kì í purọ́ rárá. Charles Laughton dáhùn ìbéèrè yìí ní ọdún 1955 nínú The Night of the Hunter. Robert Mitchum ṣe ayédèrú oníwàásù tí ó kọ ìfẹ́ sí ìka ọwọ́ ọ̀tún, tí ó kọ ìkórìíra sí ti òsì. Ó ń mú ọwọ́ méjèèjì jìjàkadì bí ó ti ń wàásù, ìfẹ́ ni ó sì máa ń borí. Bẹ́ẹ̀ apani ni, tí ń wá owó tí ọkọ opó kan fi sílẹ̀. Nígbà tí a bá ti kọ ọ̀rọ̀ sára ọwọ́, ọwọ́ ti di ẹnu nìyẹn, ó sì lè purọ́ bí ẹnu ti ń purọ́. Ọwọ́ tí ń ṣiṣẹ́ ni a lè gbà gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

Kò sí ẹni tí ó mọ èyí ju Robert Bresson, ọmọ ilẹ̀ Faransé. Àwọn tí kì í ṣe òṣèré ni ó sábà máa ń lò, kò sì fẹ́ kí wọ́n fi ojú ṣe àṣehàn. Fíìmù rẹ̀ ti ọdún 1956, A Man Escaped, jáde láti inú ìtàn André Devigny, tí ó sá kúrò ní ẹ̀wọ̀n Montluc ní ìlú Lyon ní ọdún 1943, nígbà tí Jámánì gba ilẹ̀ náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀, nínú mọ́tò tí ń gbé ẹlẹ́wọ̀n lọ, ọwọ́ rẹ̀ ń rọra wá ìlẹ̀kùn, ó ń padà, ó tún ń lọ. Nínú yàrá ẹ̀wọ̀n, ó lọ ṣíbí mọ́ ilẹ̀ títí ó fi mú, ó fi tú pákó ìlẹ̀kùn. Ó fi aṣọ àti wáyà bẹ́ẹ̀dì ṣe okùn. A ń gbọ́ ohùn rẹ̀ bí ó ti ń ròyìn, ṣùgbọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ ni a ti ń rí ìrètí.

Ní ọdún 1959, Bresson yí owó náà sí ẹ̀yìn. Nínú Pickpocket, onídán kan tí ń jẹ́ Kassagi wà lára àwọn tí ń yọ owó lápò àwọn èrò ní ibùdókọ̀ ojú irin Gare de Lyon ní Paris. Àpamọ́wọ́ ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn bí ẹni ń jó. Ojú olè náà kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń sọ bí ẹ̀rù àti adùn ti so pọ̀ nínú ọkàn rẹ̀, títí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ fi bọ́ sí i lọ́wọ́. Irú ọwọ́ tí ó dá ẹnìkan sílẹ̀ ní ọdún 1956 ni ó de ẹlòmíràn ní ọdún 1959.

Kí ni èyí kan àwa tí ọ̀rọ̀ jẹ́ iṣẹ́ wa? Ó kàn wá gidigidi. Kóòtù inú Intolerance gbọ́ gbogbo ohun tí ẹnu sọ, ó sì dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi. Ẹni tí ó bá ń ka fíìmù bí ẹni ń ka ìwé eré, tí kò wò ju ohun tí àwọn ẹ̀dá ìtàn sọ fún ara wọn lọ, yóò ṣe irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí a bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtúpalẹ̀ fíìmù, kí a bi í ní ohun tí ẹnu wí. Kí a bi í ní ohun tí ojú fi hàn. Kí a má sì jẹ́ kí ó jókòó kí ó tó sọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe.