Àìná Ọnàbólú, olùkọ́ tó mú àwòrán yíyà wọ kíláàsì

Kì í ṣe Bárígà, nítòsí Palmgrove, ni CMS Grammar School ti bẹ̀rẹ̀. Erékùṣù Èkó ni wọ́n dá a sílẹ̀ sí ní 1859, kí ó tó kó wá sí Bárígà ní 1959. Lára àwọn tó kọ́ni níbẹ̀ kí ó tó kó ni Àìná Ọnàbólú, ẹni tó là ọ̀nà fún ẹ̀kọ́ àwòrán yíyà ní ilé ìwé Nàìjíríà.

Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí i sí ní 1882. Àwòrán inú ìwé òyìnbó ni ó ń wò yà títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ́ ọn. Lásìkò náà, ọ̀pọ̀ òyìnbó gbà pé adúláwọ̀ kò lè ya ojú ènìyàn kí ó jọ ọ́. Búrọ́ọ̀ṣì ni Ọnàbólú fi dá wọn lóhùn: ní 1906, ó ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, tí òkìkí rẹ̀ kò tíì kú.

Ní 1920, ó lọ kọ́ṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó sì dé Académie Julian ní Paris. Nígbà tó padà, kò jókòó ti àwòrán àwọn gbajúmọ̀ nìkan. Ó ń ti ilé ìwé kan bọ́ sí òmíràn, títí kan King's College. Ẹni tó bá dúró ní Palmgrove, tó wo Ìkòròdú Road lọ réré, yóò rí i pé etí ọ̀nà méjèèjì ń súnmọ́ra bí ojú ṣe ń lọ jìnnà. Òfin yìí ni ó tẹnu mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ fi ń pè é ní Mr Perspective.

Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ó rọ ìjọba amúnisìn kí wọ́n wá olùkọ́ mìíràn, Kenneth Murray sì dé ní 1927. Ṣùgbọ́n èrò wọn kò dọ́gba. Murray, tó kọ́ Ben Enwonwu, fẹ́ kí ọmọ fi ìgbé ayé ìlú rẹ̀ ṣe ọnà. Lójú Ọnàbólú, ìmọ̀ kò ní àwọ̀, ohun tí òyìnbó lè kọ́, adúláwọ̀ náà lè kọ́ ọ. Àwọn méjèèjì ló ní òótọ́ lọ́wọ́. Síbẹ̀, bí Ọnàbólú kò bá kan ilẹ̀kùn, ta ni ìbá wọlé wá jiyàn?

Ó kú ní 1963. Lónìí, àwọn òbí kan ṣì ń ka àwòrán yíyà sí eré ọmọdé. Kí wọ́n rántí pé ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ọrẹ àtọwọ́ òyìnbó. Ọmọ wa ló jà fún un.